Òṣùká Yín Ti Jóná

Bàbá mi, ẹni tó ni mí,

Sàlímọ́tù, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ó ka ìtàn kan fún mi. Láyé àtijọ́, àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà máa ń dá ọjọ́ ìjà. Bí ẹnì kan bá tàbùkù ẹnì kejì, wọ́n á kọjú síra wọn, wọ́n á yìnbọn. Igbákejì ààrẹ wọn pa olóṣèlú ńlá kan bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni tí wọ́n pa yìí ti kọ́kọ́ kú nínú irú ìjà yẹn. Ṣé sàréè ọmọ rẹ̀ kò kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni?

Ẹ̀yin ni mo rántí. Ẹ̀yin àti ọkùnrin tí ẹ jọ ń du ipò olórí àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Ó pè yín ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin méjèèjì gbé àpò iyọ̀ rù, ẹ ní ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ló pàdánù. Ẹ ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ borí. Ẹ̀jẹ̀ lẹ ń bì nígbà tí ẹ délé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sin yín.

Ẹ máa ń fi orí ẹja sílẹ̀ fún mi nínú abọ́ yín. Ṣé ẹ rántí mi kí ẹ tó gbé àpò yẹn?

Mùráínà, ọmọ mi, ń du ipò káńsílọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Alátakò rẹ̀ bú u níwájú èrò: “Ojo ni ẹ́! Bàbá àgbà ẹ nìkan lọkùnrin nílé yín!” Ni wọ́n bá dá ọjọ́ ìjà sí ẹ̀yìn ilé ẹrù kan ní Creek Road.

Láàárọ̀ àná, ọjọ́ ìjà gan-an, ló wá bá mi.

“Màámi, ẹ fún mi ní òṣùká Bàbá Àgbà. Mo fẹ́ so ó mọ́wọ́ lọ.”

Òṣùká tí ẹ fi ru àpò iyọ̀ yẹn, tí mo tọ́jú láti kékeré. Mo mú un wá. Mo jù ú sínú iná.

“Ha, Màámi! Kí lẹ ṣe yìí?”

“Èmi rèé lẹ́nu ọ̀nà. Bó o bá máa lọ, tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kọjá.”

Ó wo iná náà títí òṣùká fi di eérú. Ó jókòó. Ó sunkún, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Àkókò ìjà kọjá.

Wọ́n ti ń pè é ní ojo káàkiri àdúgbò, wọ́n ń pe èmi náà ní ìyá ojo. Lálẹ́, ìyá ojo bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀. Mo fi orí ẹja sí i.

Ẹ má bínú nítorí òṣùká. Ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, Bàbá. Ó ti tó.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju orúkọ yín lọ.