Àpótí Tó Wọ́n Ju Ilé Wa Lọ

Ọmọbìnrin mi àtàtà, àbíkẹ́yìn tó ń ṣe bí àkọ́bí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé onílé rẹ ti tún kọ́kọ́rọ́ tí àwọn olè já ṣe? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ibi, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ kọjá ibi tí ire rẹ wà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Àlàáfíà la wà, àfi ẹ̀rù nìkan ló kù. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, ó ń bà mí débi pé bí adìyẹ bá ta pútú lẹ́yìn ilé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fò.

Ọ̀rọ̀ àpótí tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni. Nígbà tí o yà sílé lọ́jọ́ Àìkú tí o fà á yọ nínú àpò, bàtà ni mo rò pé o rà fún mi. O ní PLC ni, o ní òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú páálí níbi iṣẹ́ yín, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé dìde, yára, dúró. O ní ọ̀gá yín ló rán ọ lọ rà á, pé o ti fọwọ́ síwèé lórí rẹ̀, àti pé nítorí olè ti wọ yàrá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí a bá ọ tọ́jú rẹ̀ títí di Sátidé tí ilé iṣẹ́ yín máa ṣí. O ní bí nǹkan bá ṣe é, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, wàá sì máa san owó rẹ̀ títí irun rẹ á fi funfun. Mo ní kò burú. Mo rò pé o kàn ń dẹ́rù bà mí ni, bí o ti máa ń ṣe láti kékeré.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo lọ béèrè iye rẹ̀. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà, tí gbogbo wa ń pè ní Wáyà, ni mo lọ bá, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́ ra PLC. Ó bi mí pé irú èwo, mo ní èyí tó tó bíríkì kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé rédíò oníbàárà. Ó ní kí n sọ fún ọ̀rẹ́ mi kó ta ilé rẹ̀ ná, tí kò bá sì tó, kó ta tèmi kún un. Ó ní owó náà á ra màlúù mẹ́fà, á tún ra okùn tí a máa fi so wọ́n. Ó tún ní kì í ṣe àpótí nìkan: ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, owó ọ̀tọ̀ ni, ìwé àṣẹ láti lo ètò náà, owó ọ̀tọ̀ ni, ọdọọdún ni wọ́n sì ń san án, wáyà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, owó ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ mi, èèyàn á ra ajá tán, á tún máa sanwó lọ́dọọdún kí wọ́n tó gbà á láyè láti pè é. Igi ni mo ń dì mú délé lọ́jọ́ náà, láti igi dé igi.

Láti ìgbà náà ni ojú gbogbo èèyàn ti jọ ojú olè lójú mi. Aládùúgbò wa wá yá àkàbà, mo ní a ò ní, bẹ́ẹ̀ ara àkàbà náà ni mo fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́rú, obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ó ní àwọn ń kọ ohun tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ta ló rán an? Kí ló fẹ́ fi ohun tó wà nínú ilé mi ṣe? Ó béèrè bóyá a ní kẹ̀kẹ́, mo ní rárá, kẹ̀kẹ́ sì ń wò wá láti ara ògiri. Ó béèrè iye èèyàn tó ń gbé inú ilé, mo ní kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá. Mo ní mo kàn ń kọjá lọ ni. Ìyá rẹ gbọ́ ọ láti inú yàrá, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó dùn láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí ọkàn rẹ balẹ̀ lórí ibi tí mo gbé e sí. O ní ibi tó ga, tó gbẹ, tí eku àti ọwọ́ àlejò kò lè dé. Mo kọ́kọ́ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, àjà ń jò síbẹ̀. Mo gbé e sínú àpótí aṣọ ìyá rẹ, eku ti bímọ síbẹ̀. Ni mo bá jókòó, mo ro ó, kí ni ohun tí bàbá mi kò jẹ́ kó sọnù rí? Irúgbìn ni. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń so àgbàdo irúgbìn sókè ààrò nínú ilé ìdáná, kòkòrò kò jẹ ẹ́ rí, ọ̀rinrin kò bà á jẹ́ rí, kò sì sí olè tó ń fojú ara rẹ̀ wá èéfín. Ibẹ̀ ni mo so ó rọ̀ sí, láàárín àgbàdo méjì tó yọmọ jù. Mo ti bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kúrò, kí èéfín lè ráyè wọ gbogbo ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni iná ń jó, èmi sì rèé lórí àpótí ìjókòó pẹ̀lú àdá. Ojú mi ti pọ́n bí ata.

Ó sì ń gbà á. Àwọ̀ eérú ló ní nígbà tí o gbé e wá, ó ti dúdú báyìí, ó ń dán bí ẹja gbígbẹ. Igun kan ti rọ̀ díẹ̀, ó tẹ̀ sísàlẹ̀. Ìyá rẹ ní òórùn rẹ̀ ń rùn sí òun bí ike tó ń jó, kí a gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo ní òórùn owó ni, kò mọ̀ ọ́n ni. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ni mo bá ronú pé kí ló dé tó fi fẹ́ kí n gbé e sọ̀kalẹ̀ gan-an? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Mo ti ń ṣọ́ òun náà.

Nǹkan tó wá fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù fún mi ni fóònù. Ìwé méje ló wọlé sórí rẹ̀ lánàá, gbogbo wọn ní orúkọ rẹ lórí. N kò ṣí ọ̀kan. Akọ̀wé báǹkì ti kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣí ìwé tó bá ń kánjú, pé àwọn olè máa ń fi orúkọ ọmọ ẹni bojú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan hàn síta, ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sún mọ́... Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gé sí. Mo ti mọ̀ pé ìwọ kọ́ nìyẹn. Ọmọ tí mo bí kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn rí, ọjọ́ tó fọ́ dígí mi gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ló bẹ̀. Mo yọ bátìrì fóònù náà, mo rì í mọ́ inú ẹ̀wà. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ yìí, tí mo fi rán awakọ̀, òun nìkan ni kí o gbàgbọ́.

Igi ìdáná ti tán lọ́wọ́ wa. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ náà padà, ká lè ra ẹrù igi mẹ́ta, tútù ni kó jẹ́, òun ló ń rú èéfín jù. Fi ti àgádágodo kún un, fún ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa á ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀tá kò ní rí ohun rẹ gbé. Má fòyà, lọ́jọ́ Sátidé tí o bá dé, ibi tí mo so ó rọ̀ sí náà ni wàá ti bá a.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò sùn, tí kò sì ní jẹ́ kí iná náà kú.