Ẹni Tó Ń Jẹ Iná Inú Ìgbín

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

A gbéra. Èmi, Adájọ́ (ìyàwó mi ni, ẹjọ́ kì í sùn lọ́dọ̀ rẹ̀), àti ìyá rẹ̀. À ń gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ létí òkun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nínú ọkọ̀-ilé wa. Ìgbín ni mo sọ ọkọ̀ náà: ó gbé ilé rẹ̀ dání, kò sì mọ eré sá. Iná inú rẹ̀, èmi ni mo ṣe é lọ́wọ́ ara mi. Bátìrì tuntun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sólà lórí òrùlé, ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Màmá ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ oògùn di èéfín kó lè fà á símú, nítorí ikọ́ fée rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún wọn pé iná kò ní wọ́n wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ojú kan ṣoṣo ni ínfátà ní tí a lè ki nǹkan bọ̀. Adájọ́ ń ráhùn pé wáyà ń kọ́ òun lẹ́sẹ̀. Mo dá ọgbọ́n kan. Wáyà gígùn tí Ìgbín fi ń gba iná ìta bí a bá dé ibùdó tó ní iná — mo ki orí rẹ̀ bọ ojú ínfátà. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì inú Ìgbín jí lẹ́ẹ̀kan náà. Adájọ́ pàtẹ́wọ́. Màmá ní orí mi pé. Inú mi dùn bíi kí n máa fò.

Ọjọ́bọ̀, 6

Bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Òjò rọ̀ lánàá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀. Ta ló ń jẹ iná? Mo wo fáànù. Mo wo fìríìjì. Mo wo ẹ̀rọ Màmá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ó tún ṣẹlẹ̀. Mo sọ̀rọ̀. Mi ò pariwo, ìyẹn gan-an ló burú. Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ yín yìí ń jẹ iná o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ lò." Adájọ́ wò mí bíi pé mo da omi sí ìyá rẹ̀ lára. Màmá ní òun ò mọ̀ ni, kí n má bínú. Àna mi ló ń bẹ̀ mí. Mo sì jẹ́ kó bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Màmá kò fi ẹ̀rọ síná láàárọ̀. Ó gbé àga jáde, ó ń fi ẹnu mí. Mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń súfèé láti ibi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ìta bá òun lára mu.

Bátìrì ṣì ń lọ sílẹ̀. Kò yẹ kó ṣì máa lọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Adájọ́ kò bá mi jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 10

Kí n tètè kọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà. Mo na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án, mò ń wá súkúdìráfà. Ọwọ́ mi kan ṣájà — àpótí tó máa ń gba iná ìta láti fi kún bátìrì. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Àárín pápá la wà, kò sí iná ìta kankan. Níbo ló ti ń rí iná?

Lọ́dọ̀ ínfátà ni: ṣájà wà lára ohun tó jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wáyà tí mo fi ṣakọ. Ínfátà ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì, ó ń gbé e fún ṣájà, ṣájà ń dá a padà fún bátìrì, àwọn méjèèjì sì ń fi nínú rẹ̀ ṣòfò bó ṣe ń kọjá lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń fi igbá jíjò bu omi inú àgbá padà sínú àgbá náà. Tọ̀sán-tòru. Èyí tí ẹ̀rọ Màmá ń jẹ lójúmọ́ kò tó èyí tí mo fi ń se omi tíì kan. Èmi ọlọ́gbọ́n. Èmi olóríi pípé.

Mo yọ ṣájà kúrò lójú iná. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹyin lohùn, èyí tí mo jù sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ti fọ́. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè fárùngbọ̀n, nítorí dígí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú. Adájọ́ ní ṣé mo rí i, ìyá òun tí kò fi ẹ̀rọ síná mọ́ ló gbà wá sílẹ̀, kí n lọ dúpẹ́. Mo lọ dúpẹ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi rèé láàyè. Màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ọjọ́rú, 12

Màmá fẹ́ gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, kò lè gùn ún. Ètè rẹ̀ dúdú. Adájọ́ gbé e wọlé, ó fi ẹ̀rọ síná, ó fi ìbòmú bò ó nímú. Màmá ń jà fún èémí, síbẹ̀ ó ń na ìka sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń wojú mi, ó ń mi orí — pé kí n má bínú, pé díẹ̀ ni òun máa lò.

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà inú Ìgbín kò gbà mí tán, ẹsẹ̀ mi wà níta. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: wáyà, ṣájà, ọpẹ́ irọ́ tí mo dú. Adájọ́ ré mi kọjá, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rìn lọ sínú pápá. Ìgbà tí èémí Màmá balẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí lórí. Ó ní kí n dìde, pé òun ti dárí jì mí, pé ta ni kì í ṣàṣìṣe.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ara Màmá le. Adájọ́ ti ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan. Láàárọ̀, Màmá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ó mú ẹnu wáyà lọ́wọ́, ó wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé mo lè fi síná?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Màmá. Ẹ má tún béèrè mọ́ láéláé." Ó ní òun ti gbọ́. Ó dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún béèrè.