Ìsinmi Fíkà Wa

Ìdànrè,
Ọjọ́ Ẹtì.

Àdúràọlá ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le bí òkúta Ìdànrè? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Olúwa, àfi orúnkún tí o mọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ Fíkà wa, àlùfáà ìjọ wa, ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Àárẹ̀ mú un débi pé níbi ìsìnkú kan ní Aládé, ìwé ìsìn ìgbéyàwó ló ṣí. Ó dojú kọ pósí, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó sọ ọ́ báyìí. Opó olóògbé ní ìdí tí òun mọ̀ pọ̀.

Dókítà ní Akúrẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ó mi orí. Ó ní bí kò bá sinmi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, a ó ṣí ìwé ìsìnkú fún Fíkà náà láìpẹ́.

Ni ìjọ bá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó ìlera àlùfáà, òṣìṣẹ́ àti gbogbo àwa tí à ń fara wa jìn fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni wọ́n fi ṣe alága? Èmi ìyá rẹ. Mo dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, mo kéde pé Fíkà ń sinmi, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Àṣìṣe gbáà ni. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wá. Báwo la ṣe máa gbọ́ pé ènìyàn ń sinmi tí a ò ní lọ kí i kú ìsinmi?

Àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹgbẹ́ àwọn ìyá dé pẹ̀lú iṣu àti àdúrà wákàtí méjì. Ẹgbẹ́ akọrin wá kọrin ìtura fún un, tìlù tìfọn. Alhaji Mùyídéènì tó ń ra kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kó gbogbo ilé rẹ̀ wá, ó ní ọ̀rọ̀ aládùúgbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Èmi náà ò jókòó. Mo pín wákàtí fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Fíkà tún wọ kọ́là àlùfáà rẹ̀ padà láti fi gbàlejò.

Lọ́jọ́ kẹta ni Olúrónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, wá bá mi tẹkúntẹkún. Ó ní, "Màmá, ìsinmi yìí máa pa ọkọ mi." Ojú tì mí, ó tì mí gan-an ni.

Mo mú fìlà olóògbé bàbá rẹ, mo fi dé Fíkà lórí, mo tì í sẹ́yìn takisí. Yàrá rẹ nílé wa níbí ló ń sùn sí láti ìgbà náà. Ìjọ ti wá a dé Ọ̀wẹ̀nà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọn kì í sì í wo yàrá. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń sinmi nílé mi.

Lánàá tó jí, tó jẹun tán, ó bi mí pé, "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìgbà wo lẹ sinmi kẹ́yìn?" Mo ronú síwá sẹ́yìn. Mo ronú dé ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ, àní lọ́jọ́ náà, èmi ni mò ń bu omi fún àlejò. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbé àga ti tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo jókòó. Mi ò mọ̀ pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi.

Olúwa yóò tù ọ́ lára. Iṣẹ́ ò ní mu ọ́ lómi. Ilé rẹ yóò tòrò.

Èmi ni ìyá rẹ tó jókòó kọ lẹ́tà yìí,
Màmá Àdúràọlá.

Àfikún: Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ìdànrè pé mò ń sinmi. Wọ́n á wá kí mi.