Aṣọ Sàrátù Tó Jóná Lókè Òkun

Ìgbó-Ọrà,
Oṣù Kẹta, 1991.

Mùínàt ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà l'Ékòó? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìbànújẹ́ ara wa. Tíṣà Láńrewájú ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má tún un ṣe.

Lẹ́tà rẹ dé. Tíṣà kà á fún mi pé àwọn aṣọ́bodè òyìnbó ti dáná sun kíjìpá tí àbúrò mi Sàrátù hun, èyí tí Rosaline ọ̀rẹ́ rẹ ti sanwó rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, torí wọ́n bá ẹran òkété tó ti yọ ìdin nínú rẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Èénì ni. Ta ló ń tajà tí kì í fi èénì sí i? Mo yan ẹran náà dáadáa, ta ló mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi máa ń pẹ́ tó yẹn? Nígbà tí Tíṣà ń kọ ohun tó wà nínú páálí sínú fọ́ọ̀mù, aṣọ nìkan ni mo ní kó kọ, torí èénì kì í ṣe ọjà, a kì í kà á mọ́ ọjà.

Akọ̀wé tó gba ẹrù n'Íbàdàn náà ò ṣe mí dáadáa. Ó gbé páálí sórí òṣùwọ̀n, owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó aṣọ. Mo ná an títí, kò já kọ́bọ̀, gbogbo owó ẹ̀gúsí mi ló bá a lọ. Ó tún ní kí n san owó mìíràn, pé bí ẹrù bá sọnù, wọ́n á san án padà. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣé kí n fi owó ara mi ra òfò ni? Mo ní kó máa gbé e lọ, àdúrà ti wà lórí rẹ̀.

O ní owó Rosaline ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, kí la fẹ́ ṣe sí i. Ìwọ náà mọ̀ pé òun la fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú Sàrátù, kó tó ṣókùnkùn pátápátá. Mo bá a nídìí òfì, mo ní ká fi ṣe é, pé Rosaline á fojú fò ó. Ó ní, “Ẹ dá owó ọmọ ọlọ́mọ padà fún un. Mi ò lè fi owó aṣọ tó ti jóná la ojú.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Torí náà dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ohunkóhun lọ́wọ́ ara rẹ, jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́, kí n fi ra òwú fún un. Ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn fún Rosaline. Ìka ló fi ń wá fọ́nrán òwú, èmi ni mo ń sọ èyí tó jẹ́ funfun àti èyí tó jẹ́ aláró fún un. Ọlọ́run á dá ojú tìrẹ sí, ọmọ mi, ọmọ rẹ ò ní fà ọ́ lọ́wọ́ kiri nínú òkùnkùn. Lánàá, aláró ló mú, ó ní funfun ni, mo sì sunkún, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó dún, torí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmínà.