Ìfófó àti Àgbàlá Ìpọntí Lami: Ìhágún Àúdù Garba

Èmi Àúdù Garba, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Suhaib ní Fate nílùú Ìlọrin, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò mọ̀wé. Lọ́yà ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ní kí ó má bá mi tún un ṣe. Ara mi ti gbó, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò tì mí, ẹnikẹ́ni kò tàn mí. Ìhágún tí mo bá ti ṣe ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

1. Abdulmateen, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni kí ó pín ogún mi. Ó máa ń pẹ́ dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n kì í purọ́.

2. Ilé tí mò ń gbé, ti Suhaib ọmọkùnrin mi ni. Kí ó tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Mo ti wí i títí ó fi sú mi.

3. Àwọn ewúrẹ́ mi, kí wọ́n kó wọn fún Husseinat, ìyàwó Suhaib. Èmi àti obìnrin yìí kò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí Lami ìyàwó mi ti kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n má baà parọ́ mọ́ mi. Lami ń pọn ọtí ọkà bàbà ní àgbàlá ẹ̀yìn ilé. Ìfófó ọtí rẹ̀ a máa dúró lójú igbá títí ẹni tó ń mu ún yóò fi mu ún kanlẹ̀. Irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin a funfun, wọn a sì máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ pé àgbà ti dé. Kò jẹ́ kí ọṣẹ tàbí epo kan igbá wọnnì rí, nítorí ọ̀rá ló ń pa ìfófó. Eérú àti omi gbígbóná ló fi ń fọ̀ wọ́n. Nígbà tí ó kú, Husseinat kó gbogbo igbá náà, ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó sì fi òrí pa wọ́n lára kí wọ́n má baà sán. Inú rere ló fi ṣe é. Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí: kò sí ẹni tí ó yẹ kí n bínú sí, mo sì bínú. Kí ó gba ewúrẹ́. Kí ó má wá dúpẹ́ lórí sàárè mi.

4. Àwọn ìkòkò àti asẹ́, ti Asabe ọmọbìnrin mi ni. Òun ló ń pọntí báyìí. Ó ra igbá tuntun, síbẹ̀ ìfófó rẹ̀ kì í dúró. Àwọn tó ń mu ún ń bi í léèrè bóyá omi ìfọwọ́ ni. Ìpara ló ń kùn sọ́wọ́ kí ó tó wọ àgbàlá. Mo sọ fún un. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọwọ́ òun sán bíi ti ìyá òun.

5. Àgbàlá ìpọntí: Suhaib fẹ́ tà á. Ó ní wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọtí gún òun lára ní mọ́ṣáláṣí. Òótọ́ ni, mi ò bá a jà. Asabe fẹ́ máa pọntí níbẹ̀. Ìdájọ́ mi nìyí: kí ọdún tó yí po lẹ́yìn ikú mi, bí Abdulmateen bá fojú ara rẹ̀ rí i pé ìfófó Asabe dúró, Asabe ló ni àgbàlá. Bí kò bá dúró, kí Suhaib tà á.

6. Ibùsùn mi, kí wọ́n jó o. Àbíkẹ́yìn wa kú lórí rẹ̀, Lami náà kú lórí rẹ̀. Mo ti sùn ún tó.

7. Lọ́yà, ẹ fagi lé ìdájọ́ tí mo dá ní ẹ̀karùn-ún. Ẹ má pa á rẹ́, kí wọ́n rí i pé mo sọ ọ́. Ta ni yóò jókòó ti igbá, tí yóò máa ṣọ́ ìfófó lórí òkú mi? Bí ó dúró, bí kò dúró, Asabe ló ni àgbàlá. Mò ń mu ọtí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mi ò dà á nù rí. Suhaib, má bínú. Mọ ògiri dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí Asabe la ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sí òpópónà kejì. Àwọn ọ̀mùtí kò ní gba iwájú ilé rẹ kọjá mọ́.

Mo tẹ ìka mi síbí ní Ìlọrin, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí.

Àúdù Garba (ìtẹ̀ka)

Ẹlẹ́rìí: Haneef Mohammed, aránṣọ, aládùúgbò
Ẹlẹ́rìí: Basheerah Toyyib, akọ̀wé lọ́yà