Àgbò tí Alhaji Yusif Mú Wá Nítorí Ìwé Àkíbù

Fáòsíà ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé Accra ò pọ́n ọ lójú? Àwa wà ní Dodowa níhìn-ín, à ń dúpẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí orí tí o fi ń kàwé gbóná. Ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀, ilá wa ti gan. Owó tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin inú kíósíkì tó gbé e fún mi, torí pé láti Accra títí dé ibí, kò mú pẹ́sẹ̀wà kan nínú rẹ̀. Mo fún un ní máńgòrò.

Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n lè jókòó lójú kan ni mo fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alhaji Yusif tó ń ta aṣọ àlòkù ní ọjà Kantamanto wọ ọkọ̀ tírótíró wá láti Kotobabi, òun àti Ràṣídátù ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì fa àgbò kan dání. Kí n tó ní kí wọ́n jókòó, Ràṣídátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ ọ́. Wọ́n ní Àkíbù ọmọ àwọn kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìwé ìwádìí tí ìwọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ ń tẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tí ẹ ń pè ní jọ́nà, pé ìwọ olóòtú sì dá a padà fún un. Alhaji ní ohun yòówù tí ọmọ òun ìbáà fi ṣẹ̀ ọ́, kí n wò ó pé Àláta tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ni gbogbo wa nílùú yìí, bí Àláta bá ń dá ẹrù Àláta padà, kí la fẹ́ kí àwọn onílé ṣe? Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. A pa àgbò náà lọ́jọ́ kejì, a sì jẹ ẹ́.

Ìgbà tí a jẹ ẹ́ tán ni mo tó pè ọ́. O ní ọmọ náà kò ṣẹ̀ ọ́ rárá. O ní bí àwọn aláàárù Kantamanto ṣe ń jẹun ló kọ̀wé lé lórí, pé ẹni mẹ́ta péré ló bi léèrè, ìyá rẹ̀ sì wà nínú wọn. Mo rò ó títí, n kò rí àbùkù ibẹ̀. Ta ni ká bi léèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ bí kò ṣe ìyá ẹni? O tún ní ẹni méjì kan lẹ fún ní ìwé náà kà kí wọ́n wá àṣìṣe inú rẹ̀, pé wọn kò mọ ẹni tó kọ ọ́, òun náà kò sì gbọdọ̀ mọ̀ wọ́n. Fáòsíà, ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi. Ẹni tó ń bu iṣẹ́ ẹni kù, tí kò jẹ́ ká mọ orúkọ òun, ọ̀tá là ń pè é nílé wa. Ìwọ wá wá wọn rí, o fún wọn níṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ irú wọn lẹ nílò, Sàká àbúrò mi wà nílé, kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó dára lójú rẹ̀, kì í sì í gbowó.

Láti ìgbà náà, bí mọ́tò bá dúró lójú títì, èmi á gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Alhaji ń pè mí láràárọ̀ pé ọjọ́ wo ni ìwé ń jáde, torí ó ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká. Mo ti gbé fóònù sínú àpò ìrẹsì, ó sì ń dún níbẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n pàṣẹ fún ọ kí o tẹ̀ ẹ́ jáde, pé ta ló tilẹ̀ máa kà á. Mo ní o kò ní í ṣe é. Ṣebí ìwọ lo sọ níwájú àlejò, nígbà tí o ṣì kéré, pé ọdún tí mo ní mo fi ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema kò pé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ, mo kà á. Kò pé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, fi owó àgbò ránṣẹ́, èyí tó sanra tó ti Alhaji. Èmi fúnra mi ni n ó fà á lọ sí Kotobabi, n ó sì ní kí Àkíbù lọ bi ènìyàn sí i léèrè. Fi owó ọkọ̀ kún un, n kò mọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbò.

Ọlọ́run tó ń ka iṣẹ́ gbogbo wa, tí a kò sì rí ojú rẹ̀, kò ní dá tìrẹ padà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àtàndá