Ilẹ̀kùn Aago Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta

Aago lu mẹ́sàn-án, mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn ńlá. Ènìyàn méje ni ó wà níta. Mo ń wò wọ́n láti inú gíláàsì — ọ̀kan ṣì ń di bọ́tìnì ẹ̀wù ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a ka ẹ̀kọ́ kìíní tán, mo ṣí i fún wọn. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, ẹni tí agogo bá lù kí ó tó dé, ìta ni yóò ti gbọ́ àdúrà òwúrọ̀. Kò pa wá.

Olórí akọrin yíjú wẹ̀yìn ní ìgbà mọ́kànlá nínú ìsìn. Mo kà á. Mo bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí a jáde: ẹni tí ó wà níwájú Ọba, kí ni ó ń wá lẹ́yìn? Ó ní òun ń wò ó bóyá ọkọ òun ti wọlé ni. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn méje.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin kò wá. Ó di ọdún mẹ́ta. Mo mọ ohun tí ó gbà á lọ́wọ́ wa: fóònù, orin ìgbàlódé, àwọn aláwàdà orí fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ. Wákàtí mẹ́ta lórí àga onígi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ́ ni ó rẹ̀ mí jù.

Àwọn ọ̀dọ́ kọ ìwé wá. Wọ́n fẹ́ fi gbọ̀ngàn ìjọ ṣe ohun tí wọ́n pè ní Ọ̀sán Ẹ̀rín, kí wọ́n fi pe àwọn ẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò wá sọ́dọ̀ Olúwa. Wọn yóò fi ọ̀rọ̀ ìyìn rere sí ohùn orin kan tí gbogbo awakọ̀ ń kọ. Lẹ́yìn èyí ni onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkòríta yóò dìde ṣe àwàdà. Ọmọ ìjọ wa ni. Fídíò rẹ̀ kún orí fóònù gbogbo ayé.

Mo ní: ẹni tí ó bá bá ẹ̀rín wọlé, ẹ̀rín náà ni yóò bá jáde.

Pásítọ̀ Kékeré — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún — rọra dá mi lóhùn: "Bàbá, ọgọ́ta ni ọ̀dọ́ wa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mẹ́rìnlá ló kù. Méjì nínú wọn, àbúrò ìyàwó mi ni, wọn ò rọ́nà sá lọ."

Wọ́n dìbò. Mẹ́rin gbà, mẹ́rin kọ̀. Ó ku akọ̀wé, èyí tí í ṣe èmi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ aláwàdà náà sílẹ̀ wá. Kò sí ìwé tí a ń kà fún ìjọ yìí tí kì í gba abẹ́ báírò pupa mi kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Aláwàdà wá sí ilé. Ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ ya lórúnkún méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òtòṣì. Ṣùgbọ́n ó kan ilẹ̀kùn, ó dúró títí mo fi ní kí ó wọlé, ó sì kí mi bí ọmọ tí a kọ́. Ojú-ewé mọ́kànlá, ó fi ọwọ́ kọ ọ́. Ìkọ̀wé rẹ̀ burú.

Mo bi í pé kí ni ẹ̀rín ní í ṣe pẹ̀lú ìgbàlà ọkàn. Ó ronú díẹ̀. "Bàbá, tí wọ́n bá gbé ọmọdé wá kí n gé irun ẹ̀, tó bá ń sunkún, mi ò lè gé e. Mo ní láti kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín kí orí ẹ̀ tó dúró."

Mo ní orí tí ń rẹ́rìn-ín kì í dúró.

"Ẹ ò tíì wá gérun lọ́dọ̀ mi ni, sà."

Díẹ̀ ni ó kù kí n rẹ́rìn-ín. Mo wúkọ́ dípò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fagi lé èyí tí ó sọ nípa ohùn olórí akọrin. Mo fagi lé èyí tí ó sọ nípa gígùn ìwàásù Pásítọ̀ Kékeré — òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ kọ́ ni òṣùwọ̀n tí à ń fi wọn ohun tí a ó sọ ní gbangba. Ojú-ewé mẹ́wàá, pupa ni gbogbo rẹ̀.

Àfi ojú-ewé kẹsàn-án. Ìtàn aṣọ́nà kan ní ìlú òkèèrè. Olùṣọ́-àgùntàn fi àgùntàn rẹ̀ tó kù sílẹ̀, ó wá ọ̀kan tó sọnù káàkiri igbó, ó gbé e lé èjìká, ó dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí aago mẹ́sàn-án fi ìṣẹ́jú méjì kọjá. Aṣọ́nà dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń fi ìka kan aago ọwọ́ rẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó sọnù ni mo lọ wá." Aṣọ́nà dáhùn: "Ká ní ó tètè sọnù, ì bá tètè padà!"

Mo tún àmì ohùn méjì ṣe níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé: Ó dára. Ó ní ẹ̀kọ́. Irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìjọ.

Torí ojú-ewé yẹn ni mo ṣe fọwọ́ sí i. Kí wọ́n lo gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Mẹ́fà níta. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Ìyá àwọn ọmọ ń bó ẹ̀pà, ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀pà náà ni: Àbígbẹ̀yìn ni yóò rán aṣọ àgùntàn fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rẹ̀ kọjú sí ti onígbàjámọ̀. Mo bi í bóyá yóò wá wo eré náà. Ó ní, "Ẹ bi í." Mo ní ṣé Àbígbẹ̀yìn máa ń kí mi bí ó bá pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ bi í náà."

N kò pè é. Bàbá kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ pe ọmọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

N óò kọ ọ́ bí ó ti rí.

Aago mẹ́rin ọ̀sán. Gbọ̀ngàn kún, àga kò tó, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n jókòó sójú fèrèsé. Mo ka igba ó lé mọ́kànlá, mo ṣíwọ́. Nígbà orin náà, ìlù rẹ̀ ń mi eyín mi. N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láé. Mo jókòó níwájú, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Aláwàdà jáde. Ó ka ohun tí mo fi sílẹ̀ fún un, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó fi ìgò ojú sójú. Ó fi ìdì kọ́kọ́rọ́ ńlá kọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yíjú sí wa. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn: "Bàbá Kọ́kọ́rọ́!" Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

N kò mọ̀ pé mo ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gbogbo wọn ni ó mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ Kékeré ń wo bàtà rẹ̀.

Ìlú òkèèrè! Ìwúkọ́ mi ni. Bí mo ti ń na ìka sí aago ọwọ́ ni. Èmi fúnra mi ni mo fi báírò pupa kọ "Ó dára" sí ara mi.

Mo yíjú wẹ̀yìn láti wá ọ̀nà àbájáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí Àbígbẹ̀yìn, ó fara ti ògiri, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn bí ìgbà gbogbo — kò sí ibi tí kì í wọ̀ ọ́ dé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ lórí orúnkún. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọdún mẹ́ta. Nígbà tí aláwàdà dé "Ká ní ó tètè sọnù," ẹ̀rín náà já. Ó fi téèpù bo ẹnu, ó jáde.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró fún àdúrà ní ìparí. Mo kà wọ́n. N kò lè sọ pé n kò kà wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Aago lu mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ mi dìde kí n tó ronú. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́sàn-án nínú àwọn ọ̀dọ́ àná dé. Wọn kò mọ òfin wa. Wọ́n ti ilẹ̀kùn wò, wọ́n fi ojú mọ́ gíláàsì, wọ́n rò pé àwàdà náà ni ó ń bá a lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí mo ṣí i, mẹ́rin ni ó kù.

Mo dé ilé, mo bi ìyá àwọn ọmọ pé kí ló ṣe Àbígbẹ̀yìn. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta, Bàbá. Èmi mọ̀. Ó ní kí n má sọ àfi tẹ́ ẹ bá béèrè. Ẹ̀yin lẹ ò béèrè."

Ó ní kí n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Mo lọ. Ó ń gé aṣọ. Kò dáwọ́ dúró. "Ẹ káàbọ̀, Bàámi. Ẹ gbé aṣọ yẹn kúrò lórí àga, kẹ́ ẹ jókòó."

Mo bi í bóyá òun ni ó sọ ìtàn náà fún onígbàjámọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n sọ ọ́ fún, gbogbo ẹni tó ti dúró níta yẹn ló mọ̀ ọ́n sórí.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ rí mi lọ́jọ́ náà, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú wa ṣe mẹ́rin nínú gíláàsì."

Mo rí i. N kò lè purọ́ fún ìwé yìí. Mo rí téèpù náà, mo mọ̀ pé òun ni, mo sì yí kọ́kọ́rọ́. Mo sọ fún un pé torí pé ọmọ mi ni, n kò fẹ́ kí ìjọ sọ pé mo ń ṣe ojúsàájú.

Ó ní oyún oṣù márùn-ún ti bàjẹ́ mọ́ òun lára ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ilé ìwòsàn ni ó ti ń bọ̀ tààrà. "Mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbàdúrà. Mo kàn fẹ́ jókòó níbi táwọn èèyàn ti ń kọrin."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà náà. Èmi ni mo di ẹnu ọ̀nà mú.

Mo tọrọ àforíjì. Gbólóhùn náà kò tò dáadáa lẹ́nu mi. Mo ní n óò gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn. Ó mi orí. "Ẹ má gbé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Tí aago bá lu mẹ́sàn-án, ẹ ṣáà jókòó."

Kò sọ pé òun yóò wá. N kò béèrè.

Bí mo ti dìde, ó ní kóòtù mi ti tóbi jù. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn èjìká mi láì gbàṣẹ. "Ẹ ti rù, Bàámi."

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

Aago lu mẹ́sàn-án. Gbogbo ìjọ wò mí. Mo jókòó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, nítorí ẹsẹ̀ mi kò tíì gbọ́.

Àwọn apẹ́lẹ́yìn ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lákòókò àdúrà. Ariwo bàtà. Ọmọ kan ń sunkún. Ó bí mi nínú, ó ṣì ń bí mi nínú. Jíǹsì tó ya méjì jókòó tì mí. Mo sún fún wọn, mo fi ojú-ewé orin hàn wọ́n. Bí ìlù wọn ṣe yẹ nínú ìyìn rere, n kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń wá orin karùndínlọ́gọ́rin.

Nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá dún, mo ń yíjú wẹ̀yìn. Olórí akọrin ń wò mí láti òkè, mo mọ̀ pé ó ń kà á. Lẹ́ẹ̀kínní, ọkọ rẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, ẹni tí n kò mọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹfà, mo rí téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn ẹni tí ó ń wọlé. N kò yí ojú mi padà síwájú mọ́.